Tẹ́ṣàn Kan Láàárín Òṣogbo àti Ọ̀fà

Mìlímítà 16.5 ni àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì lórí tábìlì mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ rélùwéè àwòṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ nọ́ńbà yìí dáadáa, ó sì mọ ẹjọ́ tó wà nídìí rẹ̀. Nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò jù níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní OO, mìlímítà 4 ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Irin ọkọ̀ wọn fi ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8½ jìnnà síra. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bó ti yẹ, mìlímítà 18.83 ló yẹ kó jẹ́ lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ yìí ń gbèrú ní àwọn ọdún 1920, ẹ́ńjìnnì Gẹ̀ẹ́sì kò sanra, ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì kéré tó láti wọ inú rẹ̀. Wọ́n fi irin sílẹ̀ ní 16.5, wọ́n sì mú ara ọkọ̀ tóbi sí i. Títí di òní, ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ Hornby ń tà ń sáré lórí irin tó há jù fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbà. Wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn to irin oní-18.83, wọ́n ń jókòó tì í tẹ̀mútẹ̀mú títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Kì í ṣe ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èmi ń kọ́. Rélùwéè Nàìjíríà ni, irin tiwa sì fi ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6 jìnnà síra, ìyẹn mìlímítà 1,067. Ẹ pín ìyẹn sí ọ̀nà 64, ohun tí ẹ óò rí ni 16.67. Ìyàtọ̀ tó kù kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà kan. Kò sí ojú tó lè rí i. Irin tí kò bá ọkọ̀ àwọn tó ṣe é mu, òun ló bá tiwa mu wẹ́kú. Àwọn ará New Zealand, Queensland àti South Africa, tí ọ̀nà irin tiwọn fẹ̀ bíi tiwa, ti rí èyí tipẹ́, wọ́n sì ń lo òṣùwọ̀n 1:64 yìí. Mo lè ra irin tí ilé iṣẹ́ Peco ń ṣe ní abúlé Beer ní Devon, kí n gbé e wọ yàrá mi ní Lọ́ndọ̀nù, kí ó sì di irin Òṣogbo. Ayọ̀ ìṣirò yẹn kò tíì tán nínú mi.

Orí pákó kan tó gùn ní mítà 4, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 70, ni gbogbo iṣẹ́ náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá òkè. Ní òṣùwọ̀n mi, ilẹ̀ tó gùn ní mítà 256 nìyẹn. Tẹ́ṣàn kékeré kan ló wà níbẹ̀, láàárín Òṣogbo àti Ọ̀fà, lójú irin ẹyọ kan tó là sí méjì kí ọkọ̀ kan lè dúró de èkejì. Oṣù kìíní ọdún 1958 ni. Irin náà ti dé Ìbàdàn láti 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908. Ìjọba sì ti sọ ọ́ di Kọporéṣọ̀n ní 1955. Mo yan oṣù kìíní nítorí pé kòkó ń lọ sí Èkó lákòókò náà, ẹ̀pà Kánò náà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àpápá, iṣẹ́ pọ̀ fún ọkọ̀ ẹrù. Ọyẹ́ sì wà nílẹ̀, ọyẹ́ sì wúlò fún mi ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè rò lọ, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa sọ.

Ẹ kò ní rí tẹ́ṣàn yìí lórí máàpù. Mo fi ojú inú dá a sílẹ̀, àmọ́ kò sí ilé kan níbẹ̀ tí n kò fi ojú mi rí tàbí tí n kò ní fọ́tò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Roye England ni mo ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Ọmọ Ọsirélíà ni, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1925, ó sì rí i pé àwọn ilé abúlé tí wọ́n fi koríko bo orí wọn ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n wọ́n, ó ń kọ́ wọn pẹ̀lú páálí, títí iṣẹ́ náà fi di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon ní abúlé Long Wittenham ní Oxfordshire, láti 1954. Abúlé tó wà níbẹ̀ kò sí láyé, ṣùgbọ́n àwọn ilé inú rẹ̀ wà láyé rí. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ yẹn kò ní pe ohun tí à ń ṣe ní eré ọmọdé mọ́. Fèrèsé tí kò tó èékánná ní aṣọ lára, òdòdó ọgbà ní ewé ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹnì kan lọ wo èyí tó jẹ́ tòótọ́, ó sì béèrè ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Kò sí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tí kò ní ìdí. Èrò ọkọ̀ lè kọjá lára rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láì béèrè. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ kéré kò lè kọjá, torí pé ohun tí a kò mọ ìdí rẹ̀ kì í dà bí òótọ́ tí a bá sọ ọ́ di kékeré.

Ẹ wo ìdábùú tí irin gùn lé. Irin tí mo ń rà ní ṣọ́ọ̀bù dúró lórí ìdábùú tí wọ́n ṣe kó jọ pákó, nítorí pákó ni wọ́n ń lò jù ní Yúróòpù láyé àtijọ́. Ní ọ̀nà tiwa, irin ni ìdábùú náà fúnra rẹ̀, irin tí wọ́n tẹ̀ bí ọpọ́n tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ikán ló fà á. Pákó kì í pẹ́ nínú ilẹ̀ wa. Nítorí ikán, mo yọ irin Peco kúrò lórí pákó rẹ̀, mo sì ń gé ìdábùú tèmi láti inú páálí oníke tó nípọn ní ìdajì mìlímítà, ìkọ̀ọ̀kan gùn ní mìlímítà 31, mo ń tẹ orí rẹ̀ méjèèjì sísàlẹ̀ kí ó lè wọ inú òkúta. Àwọ̀ wọn kì í ṣe eérú bíi ti pákó tó ti gbó. Ó pọ́n, ó dúdú, bí irin tí òjò àti oòrùn ti jọ lò. Ẹni tó bá wò ó láti ẹnu ọ̀nà lè má mọ ohun tó yàtọ̀. Ohun tó máa mọ̀ ni pé ibí yìí kì í ṣe Yúróòpù, kó tó rí ọ̀pẹ kankan.

Ilẹ̀ ló gba sùúrù jù. Gbogbo wa ń sọ pé ilẹ̀ wa pupa, ṣùgbọ́n pupa wo? Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ènìyàn kó iyẹ̀pẹ̀ wọlé láti Nàìjíríà, nítorí kòkòrò àti àrùn ohun ọ̀gbìn, nítorí náà àwọ̀ nìkan ni mo lè gbé bọ̀. Mo gba káàdì àwọ̀ ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà kan, mo gbé e lọ sílé, mo sì ń tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ọ̀fà, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá ń rọ̀. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti tẹ̀ kò pupa mọ́, ó ti di àwọ̀ ara ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Inú kòtò tí omi ń gbà dúdú pupa bí osùn tí a fi omi lọ̀. Ibi tí wọ́n ti da eérú ẹ́ńjìnnì sí láti ọdún pípẹ́ kò ní pupa kankan rárá. Àwọn àwọ̀ wọ̀nyí kì í dàrú mọ́ra wọn. Ìkọ̀ọ̀kan ní ààlà, ààlà náà sì ní ìdí.

Iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi ní Lọ́ndọ̀nù ni mo fi ṣe ara ilẹ̀ náà. Mo yan án kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, mo fi asẹ́ olójú wẹ́wẹ́ kù ú, mo sì fi òòfà kọjá lórí rẹ̀. Ẹ má fo òòfà yìí o. Iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀ ní ègé irin tíntìntín nínú, mọ́tò inú ẹ́ńjìnnì sì ní òòfà tirẹ̀. Ègé kan tó bá fò wọ ibẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni mo ń po àwọ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ inú káàdì náà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú funfun díẹ̀. Ìdí tí funfun fi wọ̀ ọ́ ni pé ẹni tó dúró ní mítà kan sí tábìlì mi dà bí ẹni tó dúró ní mítà 64 sí tẹ́ṣàn tòótọ́, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín mítà 64 sì máa ń fa àwọ̀ nù. Pupa tó bá le bí ó ti rí lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni máa ń pariwo lórí tábìlì. A sì gbọ́dọ̀ po ọ̀dà lábẹ́ iná tí iṣẹ́ náà máa gbé. Àwọ̀ tó tọ́ lẹ́bàá fèrèsé ní ọ̀sán Lọ́ndọ̀nù lè ṣàìsàn lábẹ́ gílóòbù.

Nísinsìnyí, ọyẹ́. Ìṣòro ńlá tó wà nínú rélùwéè àwòṣe ni ibi tí ayé ti parí. Pákó mi fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 70, ògiri ló tẹ̀ lé e. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì máa ń ya òkè àti ìkùukùu sí ògiri náà, ojú sì máa ń rí ibi tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ gbà mí lọ́wọ́ èyí. Ní oṣù kìíní, igi tó wà ní ìsọdá oko kan ti di òjìji, ti ẹ̀yìn rẹ̀ ti di èéfín, lẹ́yìn ìyẹn kò sí nǹkan kan mọ́ àfi funfun. Mo kun ògiri náà ní àwọ̀ omi ògì, mo fi eérú díẹ̀díẹ̀ ya orí igi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tán. Mo sì fọ́n eruku ọyẹ́ sórí ohun gbogbo, ewé, páànù, àpò kòkó, orí ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ọ̀dà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi lásán. Eruku yẹn ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Páànù ilé, mo ń fi fóìlì ilé ìdáná ṣe é. Ìbú láàárín ìlà kan àti èkejì lára páànù tòótọ́ jẹ́ ínǹṣì 3, ó di mìlímítà 1.2. Mo ní irin kan tí mo fín ní ìlà bẹ́ẹ̀, mo ń tẹ fóìlì lé e lórí pẹ̀lú igi tí mo gbẹ́, mo sì ń gé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí n tó tò ó, nítorí pé páànù tòótọ́ kò bo ilé ní odindi, ẹyọ lórí ẹyọ ni. Ibi tí wọ́n ti gun ara wọn ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí omi òjò máa ń lúgọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ibi ìṣó, tí ìpẹtà á sì ṣàn láti ibẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fọ́n àwọ̀ ìpẹtà káàkiri orí ilé bó ṣe wù ú ti ya ilé tí òjò kò rọ̀ sí rí.

Ògiri náà ń bá òjò sọ̀rọ̀. Ẹ wo ìdí ògiri ilé èyíkéyìí lágbègbè wa tí wọn kò tíì fi sìmẹ́ǹtì yí ká: ìlà pupa kan wà níbẹ̀, ó ga tó orúnkún, ó le nísàlẹ̀, ó ń ṣá bó ti ń lọ sókè. Omi tó ń já láti etí páànù ló ń ta ilẹ̀ pupa sí i lára, láti òjò dé òjò. Lórí tábìlì mi, mìlímítà 8 ni. Nígbà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ta á sí ìdí ilé ọ̀gá tẹ́ṣàn, ilé náà kúrò ní ohun tí a gbé ka ilẹ̀, ó di ohun tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Mo lè sọ̀rọ̀ ọ̀pẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀pẹ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ọ̀pẹ. Àgbọn etí òkun ni, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀, ewé mélòó kan lórí. Ọ̀pẹ wa dúró ṣánṣán. Imọ̀ rẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn ewé wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ kọjú sí òkè, sí ìsàlẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́, ìdí nìyẹn tí orí rẹ̀ fi máa ń rí wúruwùru, tí ti àgbọn sì máa ń rí bí ohun tí a fi ìyarun yà. Imọ̀ kan lè gùn ju mítà 5 lọ, ó di nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8 lọ́wọ́ mi. Wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń ṣe egungun rẹ̀. Mo ń lẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì mọ́ ọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, mo ń fi sísọ́ọ̀sì ya etí wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo sì ń fi ìka lọ́ wọn lọ́nà tí kò bára dọ́gba. Ọ̀pẹ kan gba imọ̀ bí 30 sí 40. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ láàárín dúró bí ọ̀kọ̀, àwọn tó dàgbà tẹ̀ síta, àwọn tó ń kú rọ̀ mọ́ ara igi ní àwọ̀ pákó.

Lẹ́yìn náà ni ara igi. Ìdí imọ̀ tí wọ́n ti gé kì í já bọ́ kíákíá. Ó máa ń wà lára igi fún ọdún púpọ̀, eruku á kó sí i, ewéko mìíràn á hù níbẹ̀. Ọ̀pẹ tí akọpẹ ń gùn mọ́ ju èyí tí wọ́n ti pa tì lọ. Nítorí náà ọ̀pẹ ẹ̀bá tẹ́ṣàn mi mọ́, wọ́n gé imọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bó ti yẹ, nítorí ibẹ̀ súnmọ́ ilé ènìyàn; àwọn tó wà lẹ́yìn kòtò kún fún imọ̀ gbígbẹ àti ewéko. Kò sẹ́ni tó ń béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ojú ẹni tó jẹ́ ọmọ oko ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì, tí ó sì ń mi orí.

Àràbà kan wà ní igun ẹ̀yìn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń dín gíga igi kù, nítorí igi tó ga bó ti rí gan-an lè mú kí ọkọ̀ kéré lójú. Mo kọ̀ ọ́. Mo fún àràbà mi ní mítà 40, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 62 àti ààbọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gílóòbù. Ó mú kí ẹ́ńjìnnì kéré lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ́ńjìnnì sì ń kéré nídìí àràbà.

Ènìyàn ló kàn, níbi yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára ti ń bàjẹ́. Ọkùnrin kan kò ju mìlímítà 27 lọ ní 1:64. Àwọn tí wọ́n ń tà wọ kóòtù òtútù, wọ́n sì gbé báàgì lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó gbé nǹkan sórí. Mo ń fi wáyà inú okùn tẹlifóònù ṣe egungun tiwọn, mo sì ń fi Milliput, amọ̀ kan tó máa ń le, mọ ẹran wọn, torí pé aṣọ nìkan kọ́ ló ń sọ ibi tí ènìyàn ti wá. Ìdúró ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́. Obìnrin tó ru igbá ọsàn kì í wo ilẹ̀. Ọrùn rẹ̀ dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ojúgun rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ìrìn. Bí ọwọ́ kan bá di igbá mú, èjìká ọ̀hún á gòkè díẹ̀. Bí kò bá di í mú, ọwọ́ méjèèjì á máa jù fàlàlà, nítorí pé ó ti mọ̀ ọ́n rù.

Fún àwọn tó pọn ọmọ, ọ̀dọ̀ Màámi ni mo lọ. Mo fi ẹni kékeré tí mo mọ ránṣẹ́ sí wọn nínú fọ́tò, mo ní kí wọ́n sọ ibi tí ọ̀já ń gbà. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ìró kọ́kọ́ gbé ọmọ náà, kí ọ̀já ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún un nísàlẹ̀ ìdí. Wọ́n ní orí ọmọ tó bá ti sùn kì í wà láàárín ẹ̀yìn ìyá, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń yẹ̀ sí. “Bí ọmọ bá sì ti sùn,” Màámi ní, “ìyá náà kì í yára yí padà mọ́.” Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò tó fún ẹni tó ń mọ ère tí kò ní yí padà láé.

Ìṣòro wà nínú ère tó ń sáré. Ẹni tí a mọ bí ẹni tó ń sáré lé ọkọ̀, tó sì dúró lójú kan láti àárọ̀ dé alẹ́, máa ń kú lójú ẹni. Nítorí náà a máa ń wá ìdúró tí ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ pẹ́. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwa ní ju bẹ́ǹṣì lọ: a ní ìkíni. Lẹ́nu ọ̀nà kóòṣì kíláàsì kẹta, ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá náà na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n ṣì wà lórí ìlera ará ilé, kò tíì kan ẹran ọ̀sìn. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ di ọ̀la, kò sí ẹni tó máa rí i bí ohun tó ti kú.

Ti aṣọ wọn, n kò ya ọnà àdìrẹ kankan. Mo ní búrọ́ọ̀ṣì tó lè yà á, ọwọ́ mi sì dúró. Ṣùgbọ́n ní mítà 64, ojú kò rí ọnà àdìrẹ. Aró ló ń rí, pẹ̀lú ibi tó ṣá díẹ̀ níbi ìṣẹ́po aṣọ. Mo gbà pé kíkún iṣẹ́ kì í ṣe kí a kó ohun gbogbo sí i. Miniatur Wunderland tó wà ní Hamburg, tí wọ́n ṣí ní 2001, tóbi ju ohun tí mo lè fọkàn rò lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó kọ́ ọ. Síbẹ̀ ibi tí mo ti dúró pẹ́ jù láyé mi níwájú rélùwéè àwòṣe ni Pendon, níwájú ilé kan ṣoṣo.

Ẹ́ńjìnnì mi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn “River”, tí wọ́n fi orúkọ àwọn odò Nàìjíríà pè. Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows, tó wà ní Lancashire nígbà náà, wà lára àwọn tó ṣe wọ́n lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì: ẹsẹ̀ kékeré méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Ó wù wọ́n ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà débi pé wọ́n gba irú rẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á ní 1:64. Awẹ́ bàbà pupa òun irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo gé, tí mo fi òjé jó pọ̀, láti inú àwòrán tó fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn. Èédú tòótọ́ ni mo lọ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Enugu ni wọ́n ti ń gbé èédú ọkọ̀ wá.

Níwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì eléèédú ti ń mu omi, mo ní láti kọ́ táńkì omi, táńkì yìí ló sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Òṣogbo, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tó ń da èédú síná nígbà èwe rẹ̀. Mo béèrè gíga táńkì, mo béèrè bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe nípọn tó.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, àwọ̀ wo ni wọ́n kùn ún?”

“Àwọ̀ táńkì,” wọ́n dáhùn. “Ọmọ mi, jẹ́ kí n bi ọ́. Ṣé o ti gbin koríko sábẹ́ rẹ̀?”

Wọ́n wá ṣàlàyé. Kò sí táńkì tí kì í jò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo igbó bá ti gbẹ, abẹ́ táńkì nìkan ni koríko ti máa ń tutù yọ̀yọ̀, àwọn ewúrẹ́ ìlú á máa bọ̀ níbẹ̀, ìyàwó òṣìṣẹ́ kan á sì ti dá ọgbà ẹ̀fọ́ kan sápá kan, tó fi ẹ̀gún ká mọ́ nítorí àwọn ewúrẹ́ yẹn. Awakọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè Ìlọrin máa ń rí ewéko tútù náà kó tó rí táńkì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn. Kò sí ìwé tí mo ti lè rí i, kódà nínú ìdìpọ̀ mẹ́ta tí Francis Jaekel kọ lórí ìtàn Rélùwéè Nàìjíríà, ìwé tí mo máa ń ṣí kí n tó ṣí ìwé mìíràn. Nísinsìnyí, abẹ́ táńkì ni ibì kan ṣoṣo tó tutù lórí gbogbo pákó mi, ojú ẹni tó bá wọ yàrá sì máa ń kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, bíi ti awakọ̀ náà.

Ti iná mànàmáná kò pọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tó ń gba àṣẹ láti inú irin, kí ọkọ̀ méjì lè wà lójú irin kan náà, kí ìkọ̀ọ̀kan sì máa gbọ́ tirẹ̀. Kí irin mọ́, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́, ó parí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ìrìn. Ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ ní kìlómítà 40 ní wákàtí kan kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 17 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí tábìlì mi. Ó lọ́ra ju bí ọmọdé ṣe fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń lọ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ń yí, ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ń lọ sókè sódò, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ohun wúwo ló ń kọjá. Ọkọ̀ ẹrù á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ èrò tó ń ti Kánò bọ̀ á wọlé, á sinmi, á lọ. Ti ẹrù á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba ọ̀nà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi àti àwọn ọmọ ló ń ṣe é, ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá tẹ́ṣàn Òṣogbo, èkejì jẹ́ ti Ọ̀fà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ara wọn kí ọkọ̀ tó kúrò.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí irin tuntun, èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 1,435, láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Inú mi dùn sí i, mo sì ti wọ̀ ọ́. Ó jẹ́ kí iṣẹ́ mi kánjú sí i, nítorí pé àwọn ohun ẹ̀bá irin àtijọ́ ń lọ, kì í sì í ṣe ilé ńlá nìkan ló ń lọ. Jaekel House tó wà ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta ti rí ẹni tún un ṣe, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ta ló máa tọ́jú ọgbà ẹ̀fọ́ abẹ́ táńkì?

Afárá kékeré kan ló kù mí báyìí, lápá ọ̀tún pákó, níbi tí odò kan ti kọjá lábẹ́ irin. Ohun tí mò ń wá ni bí ẹsẹ̀ afárá bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí níbi tí omi ń ga dé nígbà òjò, àti bí àwọn obìnrin tó ń fọṣọ níbẹ̀ ṣe ń sá aṣọ wọn, bóyá orí òkúta ni tàbí orí ewéko. Bí ẹ bá ní fọ́tò àtijọ́ nílé, tí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín yà ní tẹ́ṣàn èyíkéyìí láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, ẹ má jù ú nù nítorí pé ojú ẹni tó wà níbẹ̀ ti parẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹni náà. Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, orí páànù, ìdí ògiri. Kí ẹ sì kọ ọdún àti orúkọ ìlú sí ẹ̀yìn fọ́tò náà pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láti sọ ọ́.